Mo Kágò Nílé Bàbá Mi

Aṣọ ni mo fi kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ìwé. Ìwé dé lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tí mo sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí n ṣe ni "take in". Òjò ń ṣú bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Ìbàdàn, Ìyá Òyìnbó tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó nawọ́ sí okùn tí a sá aṣọ sí, ó sọ ọ̀rọ̀ méjì yẹn, ó tún un sọ. Mo sáré kó aṣọ wọlé. Ó fọwọ́ pa mí lórí. Mo rò pé èdè wọn ti yé mi tán nìyẹn, mo ní àwọn tó ń sọ pé ó le kàn ya ọ̀lẹ ni.

Bóyá mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí mi sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkọ̀ ojú irin kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀bá Ìwó kọjá, àwọn àgbà ilé wa ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé yóò tó sú u, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Sòbìà ló gbé mi dé Ìbàdàn. Ó mú mi lọ́rùn ẹsẹ̀, ó já sínú ẹran, ẹsẹ̀ náà wú, ó ń jẹrà. Ìyá Òyìnbó wá sí Ìwó láti wẹ egbò fún àwọn ènìyàn. Nígbà tó rí tèmi, ó ní kí ògbufọ̀ rẹ̀ sọ fún ìyá mi pé bí òun kò bá gbé mi lọ, wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà lọ́jọ́ kan. Oṣù mẹ́ta ló ní òun yóò fi tọ́jú mi. Bàbá mi wo ìyá mi, ìyá mi wo ẹsẹ̀ mi, ó ní kí wọ́n máa gbé mi lọ.

Ẹsẹ̀ náà san ní oṣù kẹrin. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, wọ́n ní kí n kọ́ ìwé díẹ̀. Lẹ́yìn ìwé, àwọn ọmọbìnrin mìíràn dé tí ó yẹ kí n kọ́ ní abẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó wí pé n kò ní padà sílé mọ́, kò sì sẹ́ni tó ní kí n máa lọ. Báyìí ni oṣù mẹ́ta ṣe di ọdún mẹ́sàn-án. Ẹnì kankan kò wá bèèrè mi láti ilé, ohun tó dùn mí jù nìyẹn, ó sì máa ń bí mi nínú débi pé mo máa ń fi eyín já òwú dípò kí n fi àlùmọ́gàjí gé e.

"Take in" náà kò jẹ́ kí n sinmi. Ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn ọjọ́ òjò yẹn, mo ga, mo rù, aṣọ tí wọ́n rán fún mi wá ń fẹ̀ yẹbẹyẹbẹ lára mi. Ìyá Òyìnbó fi abẹ́rẹ́ há a ní ìhà méjèèjì, ó ní òun yóò "take in" rẹ̀. Mo wo ojú ọ̀run. Kò sí òjò. Mo bọ́ aṣọ náà sílẹ̀, mo gbé e wọ inú ilé lọ, mo fi í sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo sì dúró kí ó fọwọ́ pa mí lórí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kí wọ́n fún ìhà aṣọ kí ó lè bá ara mu ni ó ń sọ, èmi ti kó o wọlé.

Nígbà tí mo tún gbọ́ ọ, èmi gan-an ni wọ́n fi ṣe. Òyìnbó kan wá jẹun lọ́dọ̀ wa, ó bèèrè ẹni tí mo jẹ́. Ìyá Òyìnbó sọ ọ̀rọ̀ náà, ó sì fi mí sí àárín rẹ̀: "take", èmi, "in". Ó ní àwọn gbà mí sílé. Mo dúró tì wọ́n pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, mo ń rò ó. Wọ́n ń kó aṣọ wọlé, wọ́n ń fún aṣọ, wọ́n sì gbà mí sílé, gbólóhùn kan náà ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá kí inú mi dùn. Mo gbé àwo lọ fọ̀.

Ó kù. Bí ó bá kọ́ mi ní nǹkan, tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó wọ̀ mí lágbárí, gbólóhùn yìí náà ni yóò fi bèèrè. Ní ọdún kan, ọkùnrin kan ta àgbá epo pupa kan fún un. Epo ló wà lókè, omi ló kún ìsàlẹ̀. Ìyá Òyìnbó jókòó ti àgbá náà, ó ní wọ́n ti "take" òun "in", ìyẹn ni pé wọ́n ti tan òun jẹ. Ìyẹn ló gbà mí lọ́kàn jù. Mo kó gbogbo rẹ̀ jọ sẹ́yìn àwọn bébà tí a fi ń gé aṣọ, mo fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìtumọ̀ kan lábẹ́ ìkejì, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Lálaalẹ́, mo máa ń bi ara mi léèrè èwo nínú wọn ló ṣẹlẹ̀ sí èmi àti ìyá mi. Kò sẹ́ni tí mo lè bi.

Ní ọdún kẹrin, bàbá mi kú. Ọdún kan gbáko lẹ́yìn náà ni mo tó gbọ́, lẹ́nu obìnrin alájàpá kan tó ń ta èlùbọ́. Ó rò pé mo ti mọ̀. Mo ra èlùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dúpẹ́, mo sì lọ jókòó sí ilé ìfọṣọ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àjò tèmi kò tilẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo pé ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀, mo sọ fún Ìyá Òyìnbó pé mo fẹ́ lọ kí ìyá mi. Ó gbà. Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ní bàbá kan nínú ìjọ yóò dúró dè mí ní ibùdókọ̀ rélùwéè Ìwó ní ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé, kí a jọ padà. Ó ní iṣẹ́ mi ń dúró, ibùsùn mi náà ń dúró. Ènìyàn rere ni, n kò ní sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti ibùdókọ̀ sí ìgboro Ìwó jìnnà. Mo gba obìnrin aláàárù kan láti ru ẹrù mi, èmi sì ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú bàtà tó ń ṣá mi lẹ́sẹ̀. Mo ti ro gbogbo ohun tí n ó sọ. Mo ti ro bí n ó ṣe kúnlẹ̀ àti ẹni tí n ó kọ́kọ́ kí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà agbo ilé wa, ẹsẹ̀ mi dúró, mo wo inú, n kò rí ẹnì kan, mo sì gbóhùn sókè: "Àgò onílé o."

Ọmọ kì í kágò nílé bàbá rẹ̀. Bí ó ti oko dé, bí ó ti odò dé, bí ó tilẹ̀ ti lo ogún ọdún nílé ọkọ, ńṣe ni yóò wọlé, tí yóò máa kí ènìyàn bí ó ṣe ń lọ. Àlejò ló ń kágò. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi kọ́ mi pé èèyàn kì í wọ ilé láìkan ilẹ̀kùn, nígbà tí mo wá dé ibi tí kò sí ilẹ̀kùn tí n ó kàn, ohun tí ẹnu mi rí sọ nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan náà tí ó bọ́ lẹ́nu mi. Ohùn tó bọ́, kì í ṣeé kó.

"Àgò yà o," ẹnì kan dáhùn láti inú. Ìyá mi ni. Ó jáde wá, aró ti pa ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, nítorí aláró ni, òun ló ń rẹ aṣọ fún ẹ̀gbẹ́ ìlú wa. Ó ń fojú wá mi, mo sì rí i pé ojú náà ti ń ṣe bàìbàì. Mo ní èmi ni, Ìyá mi. Mo kúnlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lára ògiri. Ìyálé rẹ̀ ló sáré jáde, òun ló pariwo ayọ̀, òun ló ní kí wọ́n tẹ́ ẹní tuntun fún àlejò. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, ìyá mi ti padà sídìí ìkòkò aró.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di àlejò. Ẹ má rò pé wọ́n hùwà burúkú sí mi o. Ká ní wọ́n hùwà burúkú ni, ì bá sàn. Wọ́n pa adìyẹ, wọ́n fún mi ní itan. Wọ́n ya igbá omi sọ́tọ̀ fún mi. Wọ́n ń se omi gbígbóná fún mi láti wẹ̀. Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án, mo sì rí ìyálé ìyá mi tó ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ yá epo nílé kejì nítorí tèmi. Mo gbé ìgbálẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbà á lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní àlejò kì í gbálẹ̀. Mo ní èmi kì í ṣe àlejò. Ó tún rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ará ilé kejì bú wa." Mo gbé ìkòkò omi, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí mi. Mo mú ọmọ odó, wọ́n ní ọwọ́ mi á bó. Ọwọ́ tó ti fọ aṣọ òyìnbó fún ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ń wí yẹn.

Mo ní àbúrò obìnrin kan níbẹ̀, ọmọ ìyálé, ó tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ọdọ̀ ìyá mi ló dàgbà sí lẹ́yìn tí mo lọ. Orúkọ ọmọ yìí kì í kúrò lẹ́nu ìyá mi láti àárọ̀ dalẹ́. Lọ bu eérú wá. Lọ pọnmi. Ọ̀lẹ, ibo lo jókòó sí? Ọmọ náà a máa kùn, a máa fa ẹsẹ̀ tuuru, èmi a sì jókòó lórí ẹní tuntun mi, n ó máa wò ó bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo ẹni tó ń jẹun. Mo ń jowú ọmọ ọlọ́mọ. Mo sọ ọ́ tán.

Èmi, ìyá mi kì í bá mi sọ̀rọ̀ tààrà. Ẹnu àbúrò mi ló máa ń gbà. Bí a bá tilẹ̀ jókòó tira wa, yóò ní, "Bi ẹ̀gbọ́n rẹ bóyá wọ́n ti jẹun." Àbúrò mi yóò kúnlẹ̀, yóò bi mí. N ó dáhùn pé mo ti jẹun, ẹ ṣeun. Ògbufọ̀ ló wà láàárín èmi àti ìyá mi lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi lọ, òun náà ló tún wà níbẹ̀ nígbà tí mo dé.

Ní ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, mo ṣèlérí fún ara mi, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní bí ẹnì kan nínú ilé yìí bá lè rán mi níṣẹ́ ẹyọ kan, ó lè jẹ́ kí n bu omi wá, ó lè jẹ́ kí n lé adìyẹ kúrò nídìí àgbàdo, n kò ní padà sí Ìbàdàn mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé tí kò sẹ́ni tó rán mi, n ó lọ, n kò sì ní tún wá. Agídí ọkàn ọmọbìnrin ọdún méjìdínlógún nìyẹn. Mo sì mọ ara mi, bí mo bá ti sọ ọ́, mo ti sọ ọ́ ni.

Àwọn ẹbí ń wá wò mí. Wọ́n wá láti Ilé-Ogbó, wọ́n wá láti Olúpọ̀nnà, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ọmọ tí sòbìà gbé lọ ti dé, ó sì ń sọ èdè òyìnbó. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ létí àwọn. N kò mọ èyí tí n ó sọ, nítorí náà mo sọ "take in" fún wọn, mo sì ka àwọn ìtumọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe kọ wọ́n sẹ́yìn bébà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá arúgbó kan láti Olúpọ̀nnà gbọ́ ọ parí, ó mi orí, ó ní, "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ìyẹn? Ṣé ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lọ́dọ̀ wọn ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí ẹnì kan bá wà nínú ìlú tó gbọ́ èdè tí òun nìkan gbọ́, yíyadi sàn jù ú lọ, nítorí wọn kì í pe odi jáde kí ó wá dá wọn lára yá.

Ìyá mi wà nídìí ìkòkò rẹ̀, ó ń ro aró, mo rò pé kò fetí sílẹ̀. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ó pe àbúrò mi. Ó ní, "Bi ẹ̀gbọ́n rẹ. Ẹni tí wọ́n bá gbà sílé bẹ́ẹ̀ yẹn, ṣé ọ̀rọ̀ náà sọ pé wọ́n á dá a padà?"

Àbúrò mi kúnlẹ̀, ó bi mí. Mo ní kí ó sọ fún ìyá wa pé ọ̀rọ̀ náà kò sọ ìyẹn.

Mo dúró de iṣẹ́ láti ọjọ́ dé ọjọ́. Mo kọ́ láti jókòó sí ibi tí mo lè dí wọn lọ́nà, kí wọ́n lè ní kí n dìde. Ńṣe ni wọ́n ń yà fún mi kọjá. Mo fi owó ẹyọ kan sílẹ̀ lórí ẹní láti wò ó bóyá wọn yóò bá mi wí, wọ́n gbé e wá fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ní òru, mo máa ń gbọ́ tí ìyá mi àti àbúrò mi ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú yàrá kejì, nítorí èmi nìkan ni wọ́n fún ní yàrá tó dára jù. Mo sunkún níbẹ̀ ju bí mo ṣe sunkún ní Ìbàdàn lọ. Ní Ìbàdàn, mo ní ilé tí mo ń rò pé mo ní.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé. Mo di ẹrù mi. Wọ́n kó ẹ̀bùn àlejò tó ń lọ fún mi, èlùbọ́, ẹ̀wà, orógbó díẹ̀, ìyálé ìyá mi súre fún mi títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó sì gba oko lọ. Àbúrò mi lọ pọnmi. Obìnrin aláàárù tó ru ẹrù mi wá ti ṣèlérí láti padà wá rù ú lọ. Mo bọ bàtà mi, mo jókòó lórí ẹrù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń retí rẹ̀. Ìyá mi wà lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀ lódìkejì àgbàlá. Aṣọ tó rẹ ní àná wà lórí okùn, ó tó mẹ́wàá, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbẹ tán.

Atẹ́gùn kan fẹ́, ó tutù. Ìyá mi gbóòórùn òjò kí èmi tó rí i. Ó gbé ojú sókè, ó yíjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí ẹnì kan tó jókòó gẹlẹtẹ.

"Ṣé orí rẹ pé báyìí? O jókòó, ò ń wo òjò bọ̀. Dìde, kó aṣọ wọlé, kí n tó wá fi ẹgba jí ọ."

Mo mọ̀ pé àbúrò mi ló ń bá wí. Láti ibi tó wà, ojú rẹ̀ kò lè mọ èyí tó jẹ́ èmi nínú wa, kò sì sẹ́ni tó ń fi ẹgba jí àlejò. N kò là á yé e. Mo bọ́ bàtà sílẹ̀, mo sáré bọ́ sí àgbàlá, mo kó aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, òjò ti ń kán sí mi lẹ́yìn, mo kó wọn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kúnlẹ̀ tì wọ́n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ wọn po. Ọwọ́ mi ṣẹ́ wọn bí ó ṣe mọ̀ ọ́n ṣẹ́: ní méjì, ní mẹ́rin, kí n fi èékánná tẹ etí rẹ̀ kí ó mú. Inú mi ń dùn bí ẹni jalè tí wọn kò mú.

Ìyá mi sáré wọlé kúrò nínú òjò, ó na ọwọ́ sí aṣọ láti mọ̀ bóyá wọ́n tutù. Ọwọ́ rẹ̀ dé ibi ìṣẹ́po náà, ó dúró. Ó fi ìka tọ etí aṣọ lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀. Ó jókòó sórí ẹrù mi.

"Báyìí náà lo ṣe ń ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́sí," ó ní.

Mo bi í pé ọjọ́ wo.

Ó sọ ọ́ fún mi, òjò ń rọ̀, kò wo ojú mi. Ó ní nígbà tí oṣù mẹ́ta di ọdún kan tó sì ré kọjá, òun tẹ̀ lé àwọn alájàpá lọ sí Ìbàdàn, àwọn sùn lọ́nà lẹ́ẹ̀kan. Òun rẹ aṣọ kékeré kan dání fún mi. Òun bèèrè títí òun fi rí ọgbà Ìyá Òyìnbó. Òun dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo kágò," ìyá mi ní. "Mo tún kágò. Ajá ló dá mi lóhùn."

Ó ní òun yọjú láàárín igi ọgbà, òun sì rí mi. Mo wọ aṣọ òyìnbó, mo ń kó aṣọ funfun lórí okùn, mo ń ṣẹ́ ẹ bí ẹni ṣẹ́ ìwé, mo ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹnì kan, ẹsẹ̀ mi ti san. Ó tún kágò lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní ó dá òun lójú pé mo gbọ́, nítorí mo gbé orí sókè. Mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. A kì í wọ ilé onílé tí wọn kò bá dáhùn àgò ẹni. Ó ru aṣọ rẹ̀ padà wá sí Ìwó.

N kò rántí ọjọ́ náà. Mo ti wá a nínú orí mi láti ìgbà yẹn títí mo fi darúgbó, n kò rí i. Ajá náà máa ń gbó lójoojúmọ́. Ta ni í mọ èyí tó jẹ́ ti ìyá mi nínú gbogbo gbígbó yẹn?

"Nígbà tí o wá kágò nílé bàbá rẹ," ó ní, "mo ní ẹ̀san nìyẹn. Mo ní o fẹ́ kí n mọ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n èmi dá ọ lóhùn. Ìwọ mọ̀ pé mo dá ọ lóhùn."

Mo fẹ́ sọ fún un pé n kò gbọ́, pé ká ní mo gbọ́ ni, ǹ bá fò kọjá igi ọgbà yẹn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó san àti èyí tí kò ṣàìsàn rí. Èdè méjì ni mo gbọ́, kò sí èyí tó jẹ́ mi nínú méjèèjì. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó fi ọwọ́ aró nu ojú rẹ̀, aró fa ìlà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ẹsẹ̀ ti àwọn aṣọ náà sọ́dọ̀ mi.

"Tú wọn," ó ní. "Bí o bá ṣẹ́ aṣọ aró báyìí, ibi tí o tẹ̀ yẹn á ṣá, kò sẹ́ni tó máa rà á. Kíká là ń ká a níbí, bí ẹní. Tú gbogbo rẹ̀."

Èmi gan-an ló rán níṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo tú wọn. Ó mú ọwọ́ mi, ó fi hàn mí bí a ṣe ń ká a, kí ó dẹ̀ díẹ̀, kí ó má há jù. Mo ká èkíní, ó ní kò dára, ó tú u, ó ní kí n tún un ká. A wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí òjò dá, tí ẹnì kan sì dúró lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé tó ń gbọn omi lára. Obìnrin aláàárù ni.

"Àgò onílé o," ó ní.

Mo wo ìyá mi. Kò gbé ojú kúrò lára aṣọ.

"Dá a lóhùn," ó ní. "Ṣebí ìwọ lo wà nílé."

Mo gbóhùn sókè, mo ní àgò yà o. Omi ń bọ́ lójú mi bí mo ti ń sọ ọ́, nítorí kì í ṣe obìnrin aláàárù yẹn nìkan ni mo ń dá lóhùn.